Bùṣíyà Lẹ́yìn Odi Ẹgbẹ́ Wa

Kàdúná ò bá orílẹ̀-èdè kankan pààlà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí òun ni wọ́n fi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àgbà: bí ẹ bá ń gbé ní Narayi tàbí Sabon Tasha, tí ẹ sì ti ṣe ìnáwó rí, ó ṣeé ṣe kí n ti sọ fún yín pé kí ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kí ẹ má sì wo kámẹ́rà. Ní ọdún kan, wọ́n kó àwa mélòó kan tó ń ṣiṣẹ́ yìí jọ láti oríṣiríṣi ìlú láti kọ́ wa ní bí a ṣe ń ṣe fíìmù ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, èyí tí kò ní òṣèré. Olùkọ́ wa fi odi àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá fà sí ààlà wọn hàn wá. A rí àgbọ̀nrín tó dúró níwájú wáyà, tí kò mọ ẹni tí òun ṣẹ̀. Olùkọ́ wá ní kí kálukú wa lọ ṣe fíìmù tirẹ̀ lórí kókó kan náà: ààlà, àti ohun tí ojú ẹranko ń rí níbẹ̀.

Ẹni tó wá láti Kàtsínà rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹni tó wá láti Ìdírókò náà rẹ́rìn-ín. Ààlà ló wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin ará Kàdúná ńkọ́? Ṣé ẹ máa lọ yá ààlà ni?"

Inú bí mi. N kì í pẹ́ bínú, ìyá mi ní mo ti inú oyún gbé e wá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n délé ná, pé ààlà tí mo máa gbé wá, wọ́n máa lanu sílẹ̀ ni. Irọ́ gbuu ni mo pa. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ padà sílé, n ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ rí ààlà kankan, bẹ́ẹ̀ ló sì wà níbi tí mo ti ń lọ jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá àdúgbò wa ní gbọ̀ngàn kan ní ìpẹ̀kun Sabon Tasha, lápá ibi tí ilé ti ń tán tí oko ti ń bẹ̀rẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwa tí òbí wa ti Kogi wá sì jókòó lápá kan, wọ́n ń fi ohùn wa ṣe àwàdà. Bí àlùfáà Mùsùlùmí bá fi àdúrà ṣí ìpàdé, pásítọ̀ ni yóò parí rẹ̀; lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á pààrọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló le níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ Hausa tàbí Òyìnbó nínú ìpàdé, torí àwọn ọmọ wa ti fẹ́ gbàgbé èdè pátápátá. Ẹni tó bá sọ ọ́ yóò dìde dúró títí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yóò fi parí. Mo ti dúró nínú ìpàdé yẹn ju bí mo ṣe dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Alága wa ló mọ odi yí gbọ̀ngàn náà ká. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, oníṣòwò aṣọ tẹ́lẹ̀. Nínú ìjà tó jà nílùú wa nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì sùn sí bárékè ṣọ́jà fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn èèyàn ń kó ẹrù padà sílé nígbà náà, bàbá ní òun ò ní lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ wá ra ilẹ̀, òun ló ní kí a kọ́kọ́ mọ odi ká tó kọ́ gbọ̀ngàn, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé a wà níbí, pé a ò lọ mọ́. Odi náà ga ju orí mi lọ dáadáa. Ihò tí omi òjò máa gbà pàápàá kò sí lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ géètì ni omi ń gbà jáde. Bàbá fẹ́ràn odi yẹn bí ọmọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, tó máa ń gùn bí ìrìn àjò. Mo yọ́ jáde lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn kí n lè dáhùn fóònù. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ lánàá rẹ̀, ilẹ̀ tutù. Mo rí nǹkan kan tó ń rìn lẹ́sẹ̀ odi. Mo kọ́kọ́ pè é ní eku, àfi bí mo ṣe fẹsẹ̀ gbá agolo kan láìmọ̀, tí nǹkan náà ká jọ bìrí, tó di bọ́ọ̀lù ẹ̀gún.

"Bùṣíyà!"

Orúkọ tí àwọn Hausa ń pè é ni mo kígbe, bí ọmọ kékeré. Mi ò rí bùṣíyà mọ́ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ní àdúgbò Doka, tí a máa ń jókòó ti ọ̀kan títí yóò fi yọ imú ṣóńṣó rẹ̀ jáde. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹni tó wà lórí fóònù. Mo dúró, mi ò mira. Ó tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó gbóòórùn búlọ́ọ̀kù yìí, ó gbóòórùn èyí tó tẹ̀ lé e, ó rìn dé kọ̀rọ̀, ó yí padà. Ìgbà náà ni mo wolẹ̀. Ọ̀nà tín-ín-rín kan ti là lẹ́sẹ̀ odi náà, láti igun kan dé èkejì, ilẹ̀ ibẹ̀ dán. Wọ́n ti ń rìn ín tipẹ́.

Ṣé ẹ rí i? Ààlà ti dé, láìsí pé mo yá a.

Lọ́jọ́ kejì mo fẹ́ lọ wo ẹ̀yìn odi. Láti inú ọgbà wa dé ibẹ̀ kò ju kí èèyàn na ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n mo ní láti jáde sí títì Kachia, kí n rìn lọ jìnnà, kí n yà sí ọ̀nà odò, kí n tún gba inú oko olóko padà wá. Nígbà tí mo débẹ̀, òógùn ti bò mí. Mo wo ẹsẹ̀ odi náà. Ọ̀nà tín-ín-rín kan náà wà níbẹ̀. Ó dojú kọ ti inú, búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ẹnu yà mí, mo jókòó sórí ebè.

Ẹni tó ni ebè náà wá bá mi níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan ni, ó ń fi ọkọ́ rìn bí ọ̀pá, ilá àti ọkà bàbà ló gbìn. Hausa ni a jọ sọ. Mo ní bùṣíyà ni mo wá yà ní fíìmù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó ti èmi náà. Ó ní tẹ́lẹ̀, ìgbàkígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń wá láti apá ibẹ̀, ó nawọ́ sí odi wa, tí wọ́n á sì jẹ kòkòrò inú ilá òun.

"Wọ́n ń jẹ kòkòrò, èmi ń jẹ ilá. Láti ìgbà tí ògiri yìí ti dé, kòkòrò ló ń jẹ ilá mi."

Mo ní kó tún un sọ lójú kámẹ́rà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wọ fìlà ná.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, bí mo bá ti kúrò lóde ìnáwó, gbọ̀ngàn ni mo ń gbà lọ. Mo ti kọ́ pé bùṣíyà kì í ṣe ìyàwó ojú ọ̀nà, kò sí bí o ṣe lè sọ fún un pé kó tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i kó rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kan, mo dojú bolẹ̀ nínú koríko pẹ̀lú léèsì tí mo wọ̀ lọ ìgbéyàwó, kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, ìjàlọ wọ inú aṣọ mi. Ijó tí mo jó lọ́jọ́ náà, àwọn ìyàwó tí mò ń yà ní fídíò ò jó irú rẹ̀ rí. Ó wà nínú fíìmù tí mo pa mọ́, ẹnikẹ́ni ò ní rí i nígbà tí mo bá ṣì wà láyé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn náà ni ìyá bùṣíyà kan jáde pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn lẹ́sẹ̀ odi. Ìyá fi imú kan búlọ́ọ̀kù, àwọn ọmọ náà á fi imú kan án. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ dé igun. Ìyá wo òkè odi, ó yí padà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo ti mọ̀ lọ́jọ́ náà pé fíìmù nìkan ò tó mi mọ́. Mo fẹ́ ihò kan lára odi yẹn, kó tó di pé òjò parí.

Ọ̀rọ̀ ihò kì í ṣe ti ẹnì kan, ti ìpàdé ni. Mo gba àyè, mo gbé ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán hàn lára ògiri wá sí gbọ̀ngàn. Mo ti fi ohùn ara mi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá tó dán, nítorí òfin. Ohun kan ṣoṣo ló ti yọ mí lẹ́nu: kí ni à ń pe bùṣíyà ní Yorùbá? Mo bi ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́ta ní òòrẹ̀. Mo fi òòrẹ̀ sí i.

Fíìmù ò tíì lọ jìnnà tí bàbá kan fi dìde. Ọmọ ọdẹ ni.

"Dá a dúró! Òòrẹ̀ wo nìyẹn? Òòrẹ̀ tí bàbá mi pa, tí mo jẹ, ó tó ajá! Ẹ̀gún rẹ̀ gùn ju ìka mi yìí lọ!"

"Bóyá ọmọ òòrẹ̀ ni," ẹnì kan sọ.

"Ọmọ òòrẹ̀ tó ti bímọ mẹ́ta?"

Ará Ọ̀yọ́ kan ní asín ni, pé ẹ̀gún ló kàn hù lára rẹ̀. Wọ́n bi àwa ará Kogi, a ní a ò ní irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ariwo pọ̀. Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ ṣubú sínú rẹ̀.

"Haba, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣebí bushiya ni!"

"Dìde!" Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo. Pásítọ̀ dìde.

"Ẹ má bínú sí wọn," ni àlùfáà wí, "bushiya yẹn le lẹ́nu láti..." Òun náà dìde. Ẹni tó ń fi àlùfáà rẹ́rìn-ín sọ ọ́, ó dìde. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ti kọ, kó lè dá ọ̀rọ̀ padà sójú ọ̀nà, ó kà á jáde bó ṣe kọ ọ́, òun náà sì dìde, ó ń kọ̀wé ní ìdúró. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi wà lórí ìdúró àfi alága àti ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

Ìyá tíṣà na ọwọ́ sókè, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi àlùbọ́sà se ọbẹ̀ lónìí? Kóun náà dìde. Níbo ni ẹ rò pé a ti rí àlùbọ́sà, orúkọ rẹ̀ àti òun fúnra rẹ̀? Ṣé kì í ṣe ọwọ́ àwọn tó ń sọ Hausa ni?"

Alága rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kí ẹ̀rín náà pẹ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹranko tí kò sí lọ́dọ̀ àwọn baba wa, tó jẹ́ pé ibí ni a ti bá a, orúkọ tí a bá lára rẹ̀ ni ká máa pè é. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé béèrè pé báwo ni òun yóò ṣe fi àmì ohùn sí i. Wọ́n pè é lóríṣi mẹ́ta, wọ́n jà lé e lórí, wọ́n sì fẹnu kò sí bùṣíyà. Báyìí ni mo ṣe mọ bí a ṣe ń kọ ọ́. Gbogbo ilé jókòó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó sọmọ lórúkọ.

Mo rò pé mo ti yege. Mo bá béèrè ihò mi: ọ̀kan ṣoṣo, lẹ́sẹ̀ odi, tí kò fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín kúrò lójú alága.

"Bí ògiri ò bá lanu," ó ní, "aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀."

Àwọn àgbà mi orí. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ó yẹ kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

"Bàbá, aláǹgbá kọ́ là ń sọ. Aláǹgbá lè gun ògiri. Bùṣíyà ni kò lè gùn ún."

Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Oníkámẹ́rà," ó ní, "ní ọjọ́ ìjà yẹn tí wọ́n wọlé tọ̀ wá, kò sí odi láàárín èmi àti ẹnikẹ́ni. O ò sí níbẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ."

Ojú tì mí, inú sì ń bí mi, méjèèjì pa pọ̀. Bàbá ṣáà ní kí n jẹ́ kí fíìmù náà tán, pé mo ti ṣe wàhálà. Mo tún un tàn. Ìyá bùṣíyà àti àwọn ọmọ rẹ̀ rìn lára ògiri, àwọn ìyá ń ṣe "pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́ o" fún wọn. Lẹ́yìn náà ni bàbá olóko yọ, ó gbé fìlà wọ̀, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kòkòrò àti ilá rẹ̀.

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Dá a padà sẹ́yìn."

Mo dá a padà. Ó tún ní kí n dá a padà.

"Ṣé bàbá yìí ṣì wà láyé?"

Mo ní, "Ó wà láyé, Bàbá. Oko rẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn odi yìí."

"Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Mo nawọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n bi í nípa ihò, ó ní a ó máa wò ó. Gbogbo wa la mọ ohun tí "a ó máa wò ó" túmọ̀ sí lẹ́nu àgbà. Mo di ẹrù mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sílé, mo sì bá onílé mi jà lórí ohun tí kò tó nǹkan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù mi dún. Alága ni.

"Ibi tí wọ́n ti ń rìn gan-an, níbo ni?"

Mo bá a lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Kò mú bíríkìlà kankan dání. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ odi, ó jókòó lé e pẹ̀lú òòlù, irin ṣóńṣó kan, àti àwo ọbẹ̀ kan tó gbé láti ilé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé òòlù fún mi. Ó ní rárá, òun lòun mọ odi, òun lòun mọ ibi tó ti rọ̀. Ó gbé àwo náà lé búlọ́ọ̀kù, ó fi ṣọ́ọ̀kì yí i po, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Mo tan kámẹ́rà.

Kí ẹ má bàa máa dààmú nípa ìyá bùṣíyà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí: ó kọjá. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ni, ní ìrọ̀lẹ́. Ó dé ibi ihò náà, ó ṣe bí ẹni tí kò gbà á gbọ́, ó fi imú kan etí rẹ̀ yíká, ó bọ́ sí òdìkejì. Ọmọ méjì tẹ̀ lé e kíá, ẹ̀kẹta lọ dé kọ̀rọ̀ ná kó tó sáré padà wá. Ayọ̀ tí mo yọ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò yọ irú rẹ̀ nígbà ìgbéyàwó tèmi. Ará Kàtsínà àti ará Ìdírókò rí i, wọ́n sì lanu sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi parí fíìmù kọ́ nìyẹn. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni mo fi parí rẹ̀.

Bàbá gbá odi náà títí apá fi ń ro ó. Ó sinmi, ó mu omi, ó tún gbá a. Nígbà tó yá, irin náà wọlé lọ, ìmọ́lẹ̀ yọ. Ó fi ọwọ́ fa èéfọ́ búlọ́ọ̀kù jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ẹní, àgbà bíi tirẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ kó lè wo òdìkejì.

Ẹsẹ̀ méjì wà níbẹ̀, ọkọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Sannu da aiki," bàbá olóko kí i lẹ́nu iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ sún mọ́ wa débi pé mo fò.

Alága dáhùn. Ní kété tó dáhùn, ọkọ́ ṣubú. Mo gbọ́ bí orúnkún arúgbó ṣe ń dún bó ṣe ń tẹrí ba díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi yọ nínú ihò náà.

"Ashe kana nan?" Ó ní, àṣé ó wà níbí? "Na ɗauka ka koma gida." Ó ní òun ti rò pé ó ti padà sílé, sí ilẹ̀ Yorùbá. Láti ọjọ́ tí odi náà ti ga kọjá orí lòun ò ti rí i mọ́, òun sì ti sọ fún àwọn ará ilé òun pé ọ̀rẹ́ òun, tí àwọn jọ máa ń jókòó sọ̀rọ̀ kí odi tó dé, ti lọ.

Eruku búlọ́ọ̀kù ti bo irùngbọ̀n alága. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Lẹ́yìn náà ló ti ọwọ́ rẹ̀ bọ inú ihò náà dé ìgbúnwọ́, mo sì rí i pé wọ́n ti dì í mú ní òdìkejì.

"Wane gida?" ó ní. "Ina nan. Ina nan."

Ó yíjú sí mi láti ilẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ẹ̀rín àti omijé ti dàpọ̀ lójú rẹ̀.

"Ilé wo?" ó tún un sọ fún mi ní Yorùbá. "Mo wà níbí."